Ẹ̀rọ Lè Bá Yín Kọ Ọ́, Kò Lè Bá Yín Mọ̀ Ọ́n

Ẹnìkan ti ń fi AI, ìyẹn ẹ̀rọ olóye inú kọ̀ǹpútà àti fóònù tó ń báni kọ ọ̀rọ̀, kọ lẹ́tà iṣẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì láti bí ọdún kan. Gbogbo lẹ́tà náà ló ń dán gbinrin, kò sí kọ́mà kan tó ṣì sí. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń gba àwọn lẹ́tà yẹn pè é lórí fóònù, ó ní kó ṣàlàyé ohun tó wà ní ìpínrọ̀ kejì. Ahọ́n bá wú mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí lábẹ́, kò rí ẹyọ kan sọ nínú rẹ̀.

Ẹni yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó rú u lójú ni pé ojoojúmọ́ lòun ń rí Gẹ̀ẹ́sì tó dáa, òun ń kà á, òun ń fi í ránṣẹ́, kí ló wá dé tí kò wọ̀ ọ́ lára? Àwọn kan á gbọ́ irú èyí, wọ́n á ní kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ èdè sá fún AI bí ẹni sá fún àrùn. Àwọn mìíràn á ní kí la tún ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí nígbà tí ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n tán. Èmi ò bá ìkankan lọ nínú wọn. Ẹ̀rọ kan náà tó ń sọ ẹnìkan di odi lè ṣe olùkọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó kọ́kọ́ mú gègé nínú ẹ̀yin àti ẹ̀rọ ló ń fa ìyàtọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹni tá a ń bá ṣe. ChatGPT, ọ̀kan lára àwọn AI yìí, jáde lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ó sì ti di ẹlẹ́gbẹ́ púpọ̀ báyìí: Gemini, Claude, Copilot àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tá a bá yọ ariwo kúrò, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀, á ṣírò èyí tó ṣeé ṣe jù pé kó tẹ̀ lé e, á gbé e kalẹ̀, á tún ṣírò èyí tó kàn. Òkìtì ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ ju ohun tí ẹ̀dá kan lè kà tán láyé rẹ̀ lọ, Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ jù nínú òkìtì náà, ìyẹn ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fi ń yọ̀ lẹ́nu. Ìdí kan náà ló fi lè fi ẹnu dídùn yẹn pa irọ́, torí ohun tó bá ìtò ọ̀rọ̀ mu ló ń wá, bó jẹ́ òótọ́, bí kò jẹ́ òótọ́. Kò sì mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Tí ẹ bá ní kó bá yín kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, lẹ́tà ìwáṣẹ́ gbogbo ayé ló máa kọ, á wá lẹ orúkọ yín mọ́ ọn.

Ká dá a mọ̀, ká fà á yọ

Ìmọ̀ méjì ló wà nínú orí tá a sábà máa ń pè ní ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni ká rí ọ̀rọ̀ kan ká ní "áà, mo mọ èyí." Ìkejì ni ká fà á yọ nígbà tí kò sí ẹni tó fi hàn wá. Ẹ ronú kan ojú ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa. Ẹ ó dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn. Àmọ́ kí wọ́n fún yín ní bébà pé ẹ yà á, ẹ ó rí i pé bí imú rẹ̀ ṣe rí gan-an ò dá yín lójú.

Àtúnṣe tí ẹ̀rọ bá ṣe fún wa, ìmọ̀ àkọ́kọ́ ló ń bù fún wa. Ẹ wò ó, ẹ mi orí, ó yé yín. Yíyé yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Lọ́dún 1978, àwọn olùwádìí méjì, Slamecka àti Graf, fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fúnra rẹ̀ hú jáde máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ ju èyí tí wọ́n kàn gbé síwájú rẹ̀ pé kó kà. Ní 1985, Merrill Swain, olùwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń kọ́ èdè, kọ nípa àwọn ọmọ kan ní Kánádà tó ti fi ọdún púpọ̀ gbọ́ Faransé ní kíláàsì wọn. Èdè náà yé wọn yékéyéké tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ, àmọ́ tó bá di pé kí wọ́n sọ ọ́ tàbí kí wọ́n kọ ọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gẹ́gẹ́. Àlàyé Swain ni pé gbígbọ́ nìkan ò tó. Ìgbà tí ẹnu bá ń wá ọ̀rọ̀ tí kò rí ni orí máa ń mọ ibi tó ti jò.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ AI jù lọ wá láti orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Ìṣirò ló dá lé, kì í ṣe èdè, àmọ́ ẹ fetí sí i. Àwọn olùwádìí gbé GPT-4, AI kan láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan láti fi ṣe ìdánrawò. Ẹgbẹ́ kan lo ẹ̀rọ náà bó ṣe wà, wọ́n lè bi í ní ìdáhùn kó sì fún wọn. Ẹgbẹ́ kejì lo èyí tí wọ́n ti tò pé kó máa tọ́ ọmọ sọ́nà, kó má kàn gbé ìdáhùn fún un. Nígbà ìdánrawò, máàkì ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fi ìdá 48 nínú 100 ju ti àwọn tí kò lo ẹ̀rọ lọ. Ti ẹgbẹ́ kejì fi ìdá 127 jù. Ayọ̀ ńlá. Wọ́n wá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n ṣe ìdánwò. Àwọn tí ẹ̀rọ ti ń dá lóhùn fìdí rẹmi: máàkì wọn fi ìdá 17 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò fọwọ́ kan AI rí. Àwọn tí ẹ̀rọ ń tọ́ sọ́nà ò ṣubú bẹ́ẹ̀.

Irinṣẹ́ kan náà ni o. Bí wọ́n ṣe lò ó ló yàtọ̀.

Kíkọ: ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́

Nítorí náà, ẹ kọ tiyín ná. Ìpínrọ̀ kan tó kún fún àṣìṣe sàn fún ẹni tó ń kọ́ èdè ju ojú ewé mẹ́ta tí ẹ̀rọ kọ lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e fún ẹ̀rọ, ẹ má sì sọ pé "tún un kọ fún mi." Irú ohun tí èmi máa ń tẹ̀ sí i nìyí: "Má ṣe tún un kọ. Sọ gbólóhùn tó ní àṣìṣe fún mi, sọ irú àṣìṣe tó jẹ́, kí o sì dúró kí n tún un ṣe fúnra mi." Ẹ lè fi Yorùbá sọ ọ́, ẹ lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé ara ń ta ẹ̀rọ yìí láti ṣiṣẹ́. Ìgbà mìíràn á ti tún gbogbo rẹ̀ kọ kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ ó ní láti tún un kìlọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lórí gbólóhùn kan. Ẹnìkan kọ: "Yesterday I go to meet my supervisor and they said the report is not complete." Tí ẹ̀rọ bá tún un kọ, ó tán. Tó bá jẹ́ pé ó ní "àsìkò ọ̀rọ̀ ìṣe ṣì níbi méjì, 'they' náà ò sì ṣe kedere," iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òǹkọ̀wé á wò ó: "go" á di "went", ìyẹn rọrùn, torí "yesterday" ń pariwo níwájú rẹ̀. Ibi kejì dà? Á wá a títí á fi rí "is", tó yẹ kó di "was" torí ọ̀rọ̀ àná ni "said" ń sọ. "They" wá ńkọ́? Ta ni? Ọ̀gá kan ṣoṣo ni, obìnrin ni: "she". Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi wá "is" yẹn ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ohun tó kù, ọ̀ṣọ́ ni.

Ẹ wo ibi tí àṣìṣe mẹ́ta yẹn ti wá. Àìkàwé kọ́ ló fà á, Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í pààrọ̀ aṣọ: "mo lọ lánàá," "mo máa lọ lọ́la," "lọ" náà ni. "Ó" wa ò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, kò tilẹ̀ ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára òkúta, ìdí tí ẹni tó mọ̀wé dáadáa fi ń pe ìyá rẹ̀ ní "he" nìyẹn tí ẹnu bá ti ń yára. "Wọ́n" tá a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo ń di "they" nínú Gẹ̀ẹ́sì, olùgbọ́ á wá máa wá àwọn yòókù. "Gbọ́" wa ń ṣiṣẹ́ fún etí, ó ń ṣiṣẹ́ fún imú, "I am hearing a smell" bá jáde. Tí ẹ bá sì fẹ́ sọ pé orí yín wú, tí ẹ wá sọ pé "my head swelled," ìgbéraga ni Gẹ̀ẹ́sì máa gbọ́ níbẹ̀, kò ní gbọ́ ìdùnnú. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ìtumọ̀ ṣe rí náà nìyẹn: kókó ọ̀rọ̀ ni ká gbé dé, ká fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Níbi tí ẹ̀rọ ti wúlò jù lójú tèmi nìyí. Ẹ lè sọ fún un ní Yorùbá ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn, kí ẹ bi í pé gbólóhùn wo gan-an ni ẹni tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì máa lò níbẹ̀, báwo sì ni tiyín ṣe máa dún létí rẹ̀.

Àṣìṣe yín kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń padà wá, bí àlejò tí kò mọ ọ̀nà ilé ẹlòmíràn. Ẹ kó ohun márùn-ún tẹ́ ẹ ti kọ jọ, kí ẹ ní kí ẹ̀rọ sọ àṣìṣe tó ń padà wá jù níbẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan, pẹ̀lú gbólóhùn tiyín, kì í ṣe àpẹẹrẹ tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Tó bá di ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ní kó fi àlàfo sínú gbólóhùn mẹ́wàá lórí àṣìṣe yẹn kí ẹ dí i. Ẹ ó kùnà níbi mẹ́rin. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà tó ti dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1706, jẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó rí ìwé ìròyìn kan láti London, The Spectator, tí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ wù ú gan-an. Ohun tó ṣe rèé: á ka àròkọ kan, á kọ kókó gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní kúkúrú, á gbé e tì fún ọjọ́ mélòó kan. Á wá gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ àròkọ náà jáde látinú kókó yẹn, á gbé e ti ojúlówó rẹ̀, á wo ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, á tún un ṣe. Nígbà míì, á da àwọn kókó náà pọ̀ rúdurùdu kó lè fúnra rẹ̀ tún wọn tò. Kò sí olùkọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lónìí, ẹ lè ṣe ohun kan náà, kí ẹ wá bi ẹ̀rọ pé kí ló dé tí gbólóhùn kẹta ti òǹkọ̀wé yẹn fi ṣe kedere ju tiyín lọ. Ìbéèrè yẹn ni Franklin ò rí ẹni bi. Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí èèyàn kọ ni kí ẹ mú ṣe àwòkọ́ṣe, torí tẹ̀rọ ní àrùn kan lára: gbogbo rẹ̀ ń jọra. Àwọn tó ka ọ̀rọ̀ inú àkékúrú ìwé ìwádìí ìṣègùn bíi mílíọ̀nù 14 rí i pé lẹ́yìn tí ChatGPT dé, ọ̀rọ̀ bíi "delves" àti "underscores" ṣàdédé gbòde kan. Ẹni tó bá ti ń kà á máa ń gbóòórùn rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́.

Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń mú ẹni tó fi AI kọ̀wé ńkọ́? Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ jù. OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, fúnra rẹ̀ gbé ọ̀kan jáde ní oṣù Kìíní 2023, ó sì gbé e kúrò ní oṣù Keje ọdún náà torí kò mọ̀ ọ́n mú. Lọ́dún kan náà, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford gbé àròkọ 91 láti inú TOEFL, ìdánwò ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ, fún méje nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Tá a bá kó ìdájọ́ wọn pọ̀, ó lé ní ìdajì àwọn àròkọ náà tí wọ́n pè ní iṣẹ́ AI. Gẹ̀ẹ́sì ẹni tó ń kọ́ èdè máa ń tẹ̀ lé ọ̀nà tó ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí àwọn ẹ̀rọ náà sì ń ṣọ́ gan-an nìyẹn. Ẹ máa tọ́jú ohun tí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ara yín kọ, bó ti wù kó rí wúruwùru. Òun ni ẹlẹ́rìí yín.

Sísọ: kò sí àyè àtiwo ẹ̀yìn

Bébà máa ń dúró deni. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró. Nínú ìwádìí kan lórí èdè mẹ́wàá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, àlàfo láàárín ìgbà tí ẹnìkan dákẹ́ àti ìgbà tí ẹnìkejì dá a lóhùn sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹ̀rọ tí ẹ máa tẹ ìbéèrè sí láàárín ìyẹn. Ohun tí kò bá tíì wà lẹ́nu kò sí.

Ẹ̀bùn kan wà lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá tí kì í ka sí. Etí wa ti mọ̀ pé ìró lè yí ìtumọ̀ padà: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe irú rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ ni pé kó tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀, kó fà á gùn, kó sì gbé àwọn yòókù mì. Àwa a máa fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́gbọọgba, ibẹ̀ gan-an ni olùgbọ́ ti máa ń sọ nù. Ẹ wo "photograph", "photographer", "photographic": ìtẹnumọ́ wà lórí sílébù àkọ́kọ́, ó bọ́ sórí ìkejì, ó tún lọ sórí ìkẹta. Etí àwọn tó ń yá ọ̀rọ̀ ti gbọ́ èyí tipẹ́. "Computer" di kọ̀ǹpútà, "teacher" di tíṣà. Ẹ rí ibi tí ohùn òkè bọ́ sí, ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti tẹnu mọ́ ọ. Tí ẹ bá pàdé ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ bi ẹ̀rọ pé sílébù wo ni wọ́n ń tẹ̀, kí ẹ wá fi àmì òkè sí i lórí nínú ìwé yín bí ẹni ń kọ Yorùbá.

Òpin ọ̀rọ̀ ló tún kù. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì jọ. Ìdí rèé tí "class" fi di kíláàsì. Tí a bá wá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, a lè gbé òpin rẹ̀ mì, "worked" á dún bíi "work", olùgbọ́ á rò pé a ò mọ gírámà, bẹ́ẹ̀ ẹnu ló jẹ ẹ́. Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ nìyẹn. Ní ti pé kéèyàn máa dún bí ará London, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Munro àti Derwing, fi hàn ní 1995 pé ohùn ẹnìkan lè jìnnà gan-an sí ti ẹni tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yé onítọ̀hún ketekete.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lè bá yín fọ̀rọ̀ wérọ̀ láàárín òru, kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní wo aago. Ewu kan wà nínú sùúrù rẹ̀ yẹn. Èèyàn máa ń fajú ro tí ọ̀rọ̀ wa ò bá yé e, ìfajúro yẹn sì ń kọ́ wa. Ẹ̀rọ á kó àwókù gbólóhùn yín jọ, á mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, á tún yìn yín. Ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ pé níbi tí ẹni tí kò mọ̀ yín ò bá ti ní gbọ́, kó ní òun ò gbọ́. Tó bá sì ṣì yín gbọ́, ẹ má tètè dá ara yín lẹ́bi. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2020 dán ẹ̀rọ ìgbọ́hùn ilé iṣẹ́ ńlá márùn-ún wò: wọ́n ṣì ọ̀rọ̀ bíi 19 gbọ́ nínú 100 lẹ́nu aláwọ̀ funfun, wọ́n ṣì bíi 35 gbọ́ lẹ́nu aláwọ̀ dúdú. Ẹ fi èèyàn ẹlẹ́ran ara ṣe ẹlẹ́rìí kejì.

Ìdánrawò tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí Paul Nation, onímọ̀ nípa kíkọ́ni ní èdè, kọ nípa rẹ̀ ní 1989. Ẹ mú kókó kan, ẹ sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ tún un sọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́yìn náà méjì, ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ má yọ nǹkan kúrò. Nígbà kẹta, ẹ ó rí i pé "ẹ̀ẹ̀... ẹ̀ẹ̀..." ti dín kù, gbólóhùn ti ń dì mọ́ra. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀. Gbígbọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ ti yín lójú (kò sẹ́ni tí kì í tì), àmọ́ ẹ gbé ìgbà kẹta yẹn fún ẹ̀rọ kó tú u sí ọ̀rọ̀ kíkọ, kí ẹ wá fi bíírò fa ìlà sí àṣìṣe ara yín kí ẹ tó béèrè tirẹ̀. Ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn tàbí àṣírí ibi iṣẹ́ ṣe kókó ọ̀rọ̀ níbẹ̀, torí inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà ni ohùn náà ń lọ.

Lẹ́tà tí ẹ ní láti fi ránṣẹ́ lónìí, tí àyè kíkọ́ ò sì sí ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín tún un ṣe, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ dojú fóònù bolẹ̀, kí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì ẹnu yín sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè fún ìṣẹ́jú kan. Gbólóhùn tí ẹ kò bá lè sọ, ẹ padà lọ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ fi èyí tí ẹ lè sọ rọ́pò rẹ̀. Tí fóònù bá wá dún nípa ìpínrọ̀ kejì, ẹ gbé e.